Ariwo Ẹ́ńjìnnì Tí Ìyá Mi Ń Gbọ́ Ní Kétu

Èdè ló kọ́kọ́ tàn mí jẹ. Nílé, wọ́n ti sọ fún mi pé Èkó le, pé ẹni tí kò bá gbọ́n, Èkó á kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Mo ní kí ló kàn mí níbẹ̀? Yorùbá ni wọ́n ń sọ, Yorùbá lèmi náà ń sọ láti kékeré. Ẹni tó bá kúrò ní Kétu wa lọ sí ilẹ̀ Faransé ló lọ sí ìdálẹ̀, èmi ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n mi ni. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Ọjọ́ tí mo dé Ajégúnlẹ̀, obìnrin kan tó ń ta ẹja yíyan lẹ́nu ọ̀nà ilé tí wọ́n fi mí wọ̀ sí bi mí pé níbo ni mo ti wá. Mo ní Kétu.

"Kétu ti Máìlì Twẹ́fù níbí?"

"Rárá, ìyá. Kétu tó wà ní ilẹ̀ Kutonu, lẹ́yìn bọ́dà."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ẹn-ẹ́n! Àgànyìn ni ẹ́!"

Mo ní èmi kì í ṣe Àgànyìn o, ọmọ Odùduwà ni mí, kódà ìlú wa wà lára àwọn ìlú tí àwọn ọmọ Odùduwà kọ́kọ́ tẹ̀ dó. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Àgànyìn tó gbọ́ Yorùbá! You are welcome, ọmọ Odùduwà. Ṣé wàá jẹ ẹja?" Ìyá Rìsí ni orúkọ rẹ̀. Marine Beach ló ti ń ra ẹja rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn apẹja láàárọ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Àgànyìn, òun náà ló sì wá di ẹni tó sún mọ́ mi jù lọ ní gbogbo Ajégúnlẹ̀.

Ẹni tó mú mi wá sí Èkó ni Alhaji. Ọmọ Kétu lòun náà, ṣùgbọ́n ó ti ń gbé Olódì-Apápá kí wọ́n tó bí mi. Ó ní tírélà mẹ́ta tó ń kó kọ̀nténà jáde ní èbúté, òun sì ni alága ẹgbẹ́ àwa ọmọ Kétu ní agbègbè yẹn. Nílé, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé bàbá rẹ̀ àti ilé wa. Tí wọ́n bá ń gún iyán lọ́hùn-ún, à ń gbọ́ ọ níhìn-ín. Nígbà tó wá ṣe Iléyá lọ́dún kan, ó rí mi níbi tí mo ti ń lẹ táyà alùpùpù fún àwọn ọlọ́kadà. Ó ní iṣẹ́ fọ́gánáísà tí mò ń fi ṣeré yìí, oúnjẹ òòjọ́ ni l'Ékòó. Ìyá mi, tí bàbá mi ti kú fi sílẹ̀, fi ọwọ́ mi lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Alhaji, lẹ́yìn Ọlọ́hun, ẹ̀yin ni mo mọ̀ o."

Kò já ìyá mi kulẹ̀, ká má purọ́. Ó gba yàrá fún mi, ó wá àyè fún mi ní Liverpool Road níbi tí àwọn tírélà rẹ̀ ti máa ń gúnlẹ̀, ó sì gbé ẹ́ńjìnnì tí a fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní kí n máa gbàdúrà fún òun.

Táyà tírélà kì í ṣe ẹgbẹ́ táyà alùpùpù. Kó tó kúrò lára irin rẹ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ gun orí rẹ̀, kó máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ yípo, bí ẹni ń tẹ amọ̀ ilé. Àwọn èèyàn rò pé ọwọ́ ni fọ́gánáísà fi ń ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀, tí mo bá délé, ńṣe ni orúnkún mi máa ń gbọ̀n. Eruku, epo dúdú, fèrè ọkọ̀ tí kì í sinmi, àwọn awakọ̀ tó ń fi pijin pariwo mọ́ mi: "Cotonou, you dey sleep?" N kò gbọ́ pijin nígbà náà. Wọ́n kí mi, mo rẹ́rìn-ín. Wọ́n bú ìyá mi, mo rẹ́rìn-ín. Ìyá Rìsí ló wá kọ́ mi ní èyí tó yẹ kí n rẹ́rìn-ín sí àti èyí tó yẹ kí n bínú sí.

Ọjọ́ tí èmi nìkan tú táyà tírélà kan, tí mo lẹ̀ ẹ́, tí mo dá a padà láìsí pé ẹnikẹ́ni bá mi fọwọ́ kàn án, mo pe ìyá mi lórí fóònù níbẹ̀ gan-an.

"Kí ló ń pariwo báyẹn?"

"Ẹ́ńjìnnì mi ni, ìyá mi."

"Tìrẹ?"

"Tèmi ni."

"Gbé fóònù sún mọ́ ọn, jẹ́ kí n gbọ́ ọ dáadáa."

Bó ṣe di àṣà wa nìyẹn. Ìyá mi kò ní béèrè bóyá mo ti jẹun, kò ní béèrè bóyá ara mi le. Ẹ́ńjìnnì ló máa ń ní kí n gbé sún mọ́ òun. Ó ní tí òun bá ti gbọ́ ọ, òun mọ̀ pé ọmọ òun wà lórí ìdúró.

Mo máa ń rò ó nígbà yẹn pé kí ló ń sọ èèyàn di ọmọ ibì kan. Èmi àti ọlọ́pàá tó ń dá mi dúró lójú ọ̀nà jọ ń sọ èdè kan, ṣùgbọ́n tó bá ní "Ìwé ẹ dà?" n kò ní ìwé. Ní Kutonu, mo wà nínú ìwé wọn, n kò gbọ́ Faransé wọn. Mo wá dà bí àdán, n kò ṣe eku, n kò ṣe ẹyẹ. Kò dùn mí púpọ̀ nígbà náà. Ẹni tó lókun, tó sì rí iṣẹ́ ṣe, kì í fi bẹ́ẹ̀ wá ìlú.

Ọ̀kan nínú àwọn tírélà Alhaji ló gba ẹsẹ̀ mi. Ràúfù ló ń wà á, ọmọ Kétu bíi tèmi, a jọ máa ń jẹun nínú abọ́ kan ni. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn, mò ń fẹ́ táyà rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń pariwo, n kò gbọ́ nǹkan mìíràn. Ràúfù ń wa tírélà tirẹ̀ padà sẹ́yìn, bíréèkì kò mú. Ohun tí mo rántí ni àwọn èèyàn tó ń fi ọwọ́ lu ara tírélà náà pé kó dúró. Nígbà tí mo máa fi mọ ibi tí mo wà, ọsibítù ni, wọ́n sì ti gé ẹsẹ̀ ọ̀tún mi lábẹ́ orúnkún.

N kò sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé báwo ni mo ṣe máa gun orí táyà.

Nígbà tó di Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, wọ́n wá bá mi. Alhaji ló ṣíwájú, Ìmáàmù wa tẹ̀lé e, àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ rọ́ wọlé, Ràúfù dúró sẹ́yìn pátápátá. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Kétu lè má mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Àwa kì í gbé ara wa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, àwọn àgbà á wá, wọ́n á ṣí fìlà lórí, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ á sì sọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níwájú gbogbo wọn. Tó bá ti sọ ọ́, wọ́n á ka Fátíà lé e, ó parí nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ hú u jáde mọ́.

Alhaji ṣí fìlà. Orí rẹ̀ ti pá, n kò rí i láìdé fìlà rí. Ó bẹ̀rẹ̀ títí ìka ọwọ́ rẹ̀ fi kan ilẹ̀.

"Ọmọ mi, kádàrá ni. Ràúfù kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Àwọn ọlọ́pàá fẹ́ tì í mọ́lé, ìyàwó rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Torí Ọlọ́hun, fi jì í."

Ó bà mí lẹ́rù pé irú bàbá bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nítorí mi. Mo ní, "Ẹ dìde, bàbá. Mo ti fi jì í. Mo fi ti Ọlọ́hun ṣe."

Wọ́n ka Fátíà. Ràúfù dì mọ́ mi lọ́rùn, ó ń sunkún bí ọmọdé. Alhaji san gbogbo owó ọsibítù. Kí n sọ òtítọ́, inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Ó dà bíi pé ẹni ńlá ni mí, tó lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tú èèyàn sílẹ̀. Kí n tó kúrò níbẹ̀, dókítà ní tí ojú egbò bá jinná, wọ́n lè ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá fún mi, tí mo bá sì fara balẹ̀ kọ́ ọ, mo lè padà sídìí táyà. Mo bi í pé ta ni yóò ra ẹsẹ̀ náà. Ó ní ìyẹn kọjá ti dókítà.

Omi kì í gbẹ nínú gọ́tà àdúgbò wa. Pákó kan ni wọ́n gbé lé e tí a ń gbà wọ ilé, mo sì ti ń fò ó kọjá láìwo ilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí mo ti ọsibítù dé pẹ̀lú ọ̀pá méjì lábẹ́ apá, pákó yẹn wá di odò ńlá. Ìyá Rìsí dúró lódìkejì, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi. "Come, Àgànyìn. Small small. Má wo omi, èmi ni kó o máa wò." Mo kọjá. Ojú tì mí, torí àwọn aládùúgbò pàtẹ́wọ́ fún mi bí ìgbà tí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn.

Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Kétu wá kí mi, wọ́n gbé ìrẹsì wá, wọ́n gbé ọṣẹ wá. Nígbà tó yá, wọn kò wá mọ́. N kò bá wọn wí. Ọ̀rọ̀ tó ti parí, ta ló tún ń bẹ̀ ẹ́ wò? Èmi ni kò parí fún. Mo máa ń jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn mi láti àárọ̀, mo máa wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá, mo sì máa ń bínú sí ẹsẹ̀ gbogbo ayé.

N kò sọ fún ìyá mi. Àwọn ọmọ Kétu náà kò sọ ọ́ nílé, torí a ti ka Fátíà lé e. Nígbà tó kọ́kọ́ pè, ó ní, "N kò gbọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ." Mo ní ó bàjẹ́, wọ́n ń tún un ṣe. Nígbà tó pè lẹ́ẹ̀kejì, ohùn rẹ̀ ti ń yí padà. Ẹ́ńjìnnì náà kò bàjẹ́ rárá, ọmọkùnrin Ìgbò kan tó ń jẹ́ Chinedu ni mo ní kó máa bá mi lò ó ní àyè mi, kó máa fún mi ní ohun tí màá fi jẹun. Mo bá mú ọ̀pá mi, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Liverpool Road, mo jókòó ti ẹ́ńjìnnì, mo sì pe ìyá mi. "Ẹn-ẹ́n," ó ní, "ó ti dára báyìí." Láti ìgbà náà, n kò jẹ́ pè é láti ibòmíràn mọ́.

Ìyá Rìsí ló gbọ́ pé lọ́yà kan ń wá sí gbàgede ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Olódì ní ọjọ́ Sátidé, pé kì í gbowó lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù.

Mo ní, "Ṣọ́ọ̀ṣì kẹ̀? Ìyá Rìsí, Mùsùlùmí ni mí."

"Ẹsẹ̀ ẹ náà ń ṣe Mùsùlùmí ni? Èmi tí mò ń mú ẹ lọ ńkọ́, ṣé ọmọ póòpù ni mí? Àbéègì, dìde."

Ọmọbìnrin kékeré ni lọ́yà náà, bàtà kánfáàsì ló wọ̀. Mo rò pé yóò bú mi. Ó kàn gbọ́ mi títí mo fi sọ tán.

"Ẹ gbọ́, bọ̀dá," ó ní. "Òfin ní ọkọ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ rìn lójú títì láìní inṣọ́ránsì. Kì í ṣe torí ẹni tó ni ọkọ̀. Torí ẹ̀yin ni, ẹni tí ọkọ̀ lè ṣe léṣe. Ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì ló máa sanwó yẹn. Kò ní jáde lápò Alhaji, wọn ò sì ní torí ẹ̀ ti Ràúfù mọ́lé."

"Ṣùgbọ́n mo ti fi jì wọ́n. Wọ́n ti ka Fátíà sí i."

"Ràúfù lẹ fi jì. Ẹ ò fi ji ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì. Àwọn yẹn kì í ṣe ará Kétu."

Ìyá Rìsí bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Lọ́yà ní nǹkan méjì ni òun ń fẹ́: ìwé láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá pé ìjàǹbá náà ṣẹlẹ̀, àti ìwé inṣọ́ránsì ọkọ̀ náà. Bí mo ṣe ń padà bọ̀ nínú kẹ̀kẹ́, mo ti ń ronú bàtà tí màá wọ̀ sí ẹsẹ̀ tuntun. Mo ti rí ara mi tí mò ń wọ agbo ilé wa ní Kétu lórí ẹsẹ̀ méjì, tí ìyá mi kò tiẹ̀ fura.

Ní tẹ́ṣàn, ọlọ́pàá tó dá mi lóhùn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó gbé àga fún mi.

"Ọ̀gá, mo rántí ọ̀rọ̀ yín," ó ní. "Àwọn àgbààgbà yín wá. Wọ́n ní ẹbí kan ni yín, ẹ ti parí ẹ̀ nílé, ẹ̀yin fúnra yín ti fi jì. A bá yọ̀ǹda ọkọ̀. A ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Kí la fẹ́ kọ?"

"Kí ẹ kọ ọ́ pé ọkọ̀ gba ẹsẹ̀ mi."

Ó wo ibi tí ṣòkòtò mi ká sí. "Ó dáa. Kí ẹni tó ni ọkọ̀ mú ìwé ọkọ̀ ẹ̀ wá, kó jẹ́rìí sí i. Èmi á kọ ọ́."

Níbi tí mo ti wá, ọ̀rọ̀ tí a bá parí nílé ló parí jù. Níbí, ọ̀rọ̀ tí a bá parí nílé, kò ṣẹlẹ̀ rí ni. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo la ẹnu lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ta ni ì bá sọ fún mi?

Mo lọ bá Alhaji nílé rẹ̀ ní Olódì lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ fún mi, ó fúnra rẹ̀ gbé tìmùtìmù sábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn létí pé kò ní ná an ní nǹkan kan, pé ìwé inṣọ́ránsì nìkan la fẹ́. Inú mi tiẹ̀ ń dùn bí mo ṣe ń sọ ọ́, torí mo rò pé inú tirẹ̀ náà á dùn.

Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn pálọ̀, ó sì padà jókòó.

"Ọmọ mi, ìwé yẹn kò dáa," ó ní. "Ọmọ kan ló bá mi gbà á létí títì. Ayédèrú ni. Ọjọ́ tí wọ́n mú ọkọ̀ yẹn ni ọlọ́pàá kan yẹ̀ ẹ́ wò, tó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó sọ fún mi."

"Ọjọ́ tí wọ́n mú ọkọ̀?"

"Ìdí nìyẹn tí mo fi sáré kó àwọn àgbà wá bá ọ. Tí ọ̀rọ̀ yẹn bá dé kóòtù, tèmi ti bàjẹ́. Wọ́n á gba ọkọ̀, wọ́n á gbé èmi náà."

Mo dá òkèlè ọwọ́ mi padà sínú abọ́. Mo ti rò pé torí Ràúfù ni wọ́n ṣe ṣí fìlà. Torí ìwé ni. Inú bí mi gan-an, ṣùgbọ́n kí n tó la ẹnu, bàbá náà tún ti ṣí fìlà. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú mi lẹ́ẹ̀kejì, nínú pálọ̀ tirẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "O ti fi jì wá níwájú Ọlọ́hun," ó ní. "Má gbà á padà."

Kí ni èèyàn ń ṣe sí àgbà tó bẹ̀rẹ̀? Ẹ sọ fún mi. N kò mọ̀ ọ́n. Mo ní kó dìde.

Lọ́yà ní mo lè pe Alhaji fúnra rẹ̀ lẹ́jọ́, pé àìní inṣọ́ránsì gidi tún jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn lọ́rùn rẹ̀. Ìyá Rìsí fò sókè. "Carry am go court! Fìlà wo ló ń ṣí? Ṣé fìlà lo máa fi rìn ni?" Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó bá ìyá mi pín ògiri nínú wọn. Ìyá mi ń bẹ níbẹ̀ lọ́hùn-ún, omi kànga ilé Alhaji ló ń pọn, àwọn ìyàwó ilé wọn ló ń bá a gbé ìkòkò kaná tí ìbà bá mú un. Lọ́jọ́ tí mo bá gbé Alhaji lọ sí kóòtù, ta ni yóò kí ìyá mi? Lọ́yà ní ọ̀rọ̀ mi yé òun, òun kò sì ní fi ipá mú mi. Ó ní kí n padà wá tí mo bá yí ọkàn padà, kí n má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́ jù, torí òfin kì í dúró de èèyàn títí ayé.

Ó darí mi sí ọ́fíìsì ìjọba kan tó ń ran àwọn tí ara wọn kò pé lọ́wọ́. Akọ̀wé ibẹ̀ béèrè nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ mi. Mo ní n kò ní in. Ó ní ṣé ọmọ Nàìjíríà ni mí? Mo ní ọmọ Odùduwà ni mí. Kò rẹ́rìn-ín bí Ìyá Rìsí ṣe rẹ́rìn-ín. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé kí n lọ bá ìjọba tiwa. Ìjọba tiwa kò mọ̀ pé mo ní ẹsẹ̀ méjì rí.

Nígbà tí Iléyá dé, Alhaji lọ sílé. Èmi kò lọ. Mo sọ fún ìyá mi pé iṣẹ́ pọ̀. Nígbà tí ọdún kásẹ̀ nílẹ̀, mo lọ jókòó ti Chinedu, ó tan ẹ́ńjìnnì fún mi, mo sì pe ìyá mi. Ayọ̀ ló fi gbé fóònù.

"Alhaji dé ọ̀dọ̀ mi o! Ó jókòó lórí ẹní mi. Ó ní ọmọ gidi ni ọ́, pé kò sí ohun tí òun bẹ̀ ọ́ tí o kò ṣe fún òun."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àní ó pa àgbò ńlá kan, ó sì fúnra rẹ̀ gbé odindi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan wá fún mi, láti itan dé pátákò. Ó ní nítorí rẹ ni. Ta ló ń fún opó ní odindi ẹsẹ̀ àgbò? Gbogbo agbo ilé ló wá wò ó."

Ọwọ́ mi lọ sí orúnkún mi fúnra rẹ̀. Ìyá mi kò dúró de ọ̀rọ̀ mi, ó ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

"Alhaji kò ní ṣubú láyé. Ẹni tó gbé ọ dúró, Ọlọ́hun yóò gbé tirẹ̀ dúró. Ẹsẹ̀ tó fi jáde nílé, òun ni yóò fi wọlé. Ṣe àmín."

"Àmín."

"N kò gbọ́ ọ."

"Àmín, ìyá mi."

"Ẹ́ńjìnnì yẹn ló ń bo ohùn rẹ mọ́lẹ̀. Má pa á o. Gbé fóònù sún mọ́ ọn, jẹ́ kí n gbọ́ ọ díẹ̀ sí i."

Mo gbé e sún mọ́ ọn, mo sì dì í mú síbẹ̀. Níwájú mi, Chinedu ti gun orí táyà kan, ó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ yípo.